Iṣẹ́ sikáfódì ní ilẹ̀ òkèèrè: iṣẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń wá?

Bí ẹ bá ní WhatsApp lórí fóònù yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ìpolówó yìí. Àwòrán ilé gogoro kan ní Dubai tàbí Doha, àsíá Kánádà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kúkúrú pé wọ́n ń wá àwọn tó mọ sikáfódì tò, wọ́n sì ń wá àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn. Owó oṣù gọbọi. Kò sí ìdánwò, wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣáà ti fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lórí MoMo kí àyè tó kún.

Fún ẹ̀yin tí orúkọ náà ṣàjèjì sí, sikáfódì, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní échafaudage, ni irin àti pákó tí wọ́n ń tò mọ́ ara ilé kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ibi dúró sí lókè. Lọ́dọ̀ wa, ọparun àti igi tí wọ́n fi okùn dì tàbí tí wọ́n kàn ní ìṣó ni àwọn màsọ́ọ̀nù sábà máa ń lò. Níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, tàbí tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà ogún, irin ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà sì ni. Ẹni tó ń to irin náà kì í ṣe màsọ́ọ̀nù, kì í ṣe kunlékunlé. Títò àti títú u ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń gòkè kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.

Ohun tó mú kí ìpolówó yìí máa rí ẹja kó ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Iṣẹ́ náà wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2024, FIFA fi ìdíje Ife Àgbáyé ti ọdún 2034 fún Saudi, ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa ń pè ní ilẹ̀ Mẹ́kà. Pápá ìṣeré, ilé ìtura àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa kọ́. Láfikún sí èyí, gbogbo ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ló máa ń dá iṣẹ́ dúró lóòrèkóòrè láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè débi páìpù tàbí táǹkì tó wà lókè bí kò bá sí sikáfódì níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wọ́n ń wá àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, òótọ́ ló sọ. Ohun tó yẹ ká bi í ni irú ènìyàn tí wọ́n ń wá.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí a bá wọ bàálù kí a tó rí ìdáhùn. Nígbà tí Dangote ń kọ́ ilé iṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ ní Lekki, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ará Íńdíà ni wọ́n kó wá láti wá ṣe àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ìmọ̀ pàtàkì. Láti Kétu sí Lekki, ìrìn ọjọ́ kan ni, bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò bá dá ọkọ̀ dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ wá dé ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn tó ti òkè òkun wá ló sì gbà á. Lójú tiwa, kì í ṣe pé ara wọn le ju ti àwọn ọmọ wa lọ. Ìwé ló wà lọ́wọ́ wọn, àti ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti lò ní ilé ìfọpo mìíràn. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ yìí gbà ní Lekki nítorí àìníwèé, báwo ni yóò ṣe rí i gbà ní Jubail tàbí ní Doha, níbi tí àwọn ará Íńdíà, Nepal àti Bangladesh ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé náà díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní CISRS. Ọmọ iṣẹ́ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà yóò ṣe Part 1, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò ṣe Part 2, kó tó kan ìpele gíga tí wọ́n ń pè ní Advanced. Ètò yìí kan náà ní ẹ̀ka tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè, OSTS lorúkọ rẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá sì ń kọ́ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Faransé ní tiwọn: R408 ni wọ́n ń pe ìlànà tí ẹni tó bá fẹ́ to irin, tàbí tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, gbọ́dọ̀ kọ́. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ sikáfódì nìkan, wọ́n sì máa ń sanwó fún un lóṣooṣù bó ṣe ń kọ́ ọ. Ẹ fi wé tiwa, níbi tí òbí ti ń sanwó fún ọ̀gá, tí ọmọ yóò tún ra ohun mímu àti aṣọ lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira.

Kí ni wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kọ́? Ó pọ̀. Irin náà ní ìwọ̀n: ìnípọn ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ milimítà 48.3 láti etí kan dé ìkejì, kí ìdè tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ lè bá a mu. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi àwo irin àti pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa rì bí òjò bá rọ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń so ó mọ́ ògiri, ibi mélòó ló yẹ ká so, àti ẹrù tó lè gbé. Irin ìdènà gbọ́dọ̀ wà tí ẹni tó bá yọ̀ yóò fi ara tì, pákó kékeré sì gbọ́dọ̀ wà létí ẹsẹ̀ kí òòlù má bàa já lu ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2005 lórí iṣẹ́ òkè sọ pé, níbi tí ènìyàn ti lè já bọ́ láti mítà méjì sókè, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ sikáfódì wò kí wọ́n tó gùn ún rárá, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò ó pẹ́ tán lẹ́yìn ọjọ́ méje méje, àti lẹ́yìn ìjì líle. Ní àwọn ibi iṣẹ́ ńlá, káàdì kan máa ń wà lára àtẹ̀gùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ gùn ún. Bí ó bá pupa, ẹni tó bá fẹsẹ̀ lé e lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọparun o. Ní Hong Kong, ọparun ni wọ́n fi ń to ilé tó ga fíofío láti ayé baba ńlá wọn, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí sì wà fún òun náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ti ń fi ọparun kọ́lé láti ọdún mẹ́wàá ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun púpọ̀: kò bẹ̀rù òkè, ó mọ bí ẹrù ṣe ń fà, ó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò sí nínú ìwé kankan tí ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ ní Doha lè kà. Ìwé òmìnira tí ọ̀gá fún un kò kọjá Parakou.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló tún dùn wá jù. Ìpolówó wọ̀nyí máa ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un, nítorí ó ń dún bí iṣẹ́ ọlọ́lá, ó sì máa ń fa àwọn ọmọ wa tó kàwé tí kò ríṣẹ́. Ẹ gbọ́: olùkọ́ sikáfódì kì í ṣe tíṣà bí ti ilé ìwé. Ẹni tó ti to irin fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, tó ti ní ìwé ìpele gíga, tó ti ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, tó sì tún lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni àti bí a ṣe ń dán ènìyàn wò. Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ epo kì í jẹ́ kí ẹni tí wọn kò dán wò fọwọ́ kan irin. Ṣùgbọ́n òpin ọ̀nà ni, kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín tó gba líṣáǹsì nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti ìtàn pé òun yóò fi í ṣe olùkọ́ sikáfódì ní Qatar ní oṣù tó ń bọ̀, olè ni. A kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè fi pè é.

Ohun kan wà tó lè ran tiwa lọ́wọ́, àwọn alágbàtà kì í sì í sọ ọ́. Faransé kò níye lórí púpọ̀ ní ibi iṣẹ́ ilẹ̀ Lárúbáwá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ ohun tó wà lára káàdì sikáfódì. Ọmọ Pobè, ọmọ Ìlárá, ọmọ Ifàngnì tó ti ń bá ìyá rẹ̀ kọjá sí Nàìjíríà láti kékeré ti ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lẹ́nu. Kó lọ kọ́ ọ dáadáa, kó mọ̀ ọ́n kà, kó mọ̀ ọ́n kọ. Ìyẹn níye lórí ju ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí alágbàtà máa tẹ̀ fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó báyìí, ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà, torí ẹ̀yin lẹ máa ń tú owó tontine jáde.

Láti oṣù Kẹta ọdún 2021, òfin Qatar ti sọ pé owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ èyíkéyìí jẹ́ ríyàlì 1,000. Bí ọ̀gá kò bá fún un lóúnjẹ, yóò fi 300 kún un. Bí kò bá fún un níbi tó máa sùn, yóò fi 500 kún un. Ríyàlì 1,000 náà sún mọ́ 160,000 CFA, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dọ́là bá ṣe ń lọ. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nílé wa ní Benin jẹ́ 52,000 CFA láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ti Tógò sì jẹ́ 52,500. Ìlọ́po mẹ́ta ni ti Qatar. A gbà pé ó wu ènìyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa tó sì ní ìwé máa ń gbà ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé, iṣẹ́ agbẹ́rù ni wọn yóò fún un, iye tó kéré jù yìí ló sì yẹ kó fi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ká ní ọmọkùnrin kan yá 1,500,000 CFA láti fi san fún alágbàtà àti fún bàálù. Ká ní ó lè fi 80,000 pamọ́ lóṣooṣù nínú 160,000 rẹ̀, èyí tí kò rọrùn rárá. Oṣù mọ́kàndínlógún ló máa fi san gbèsè náà, bí kò bá ní èlé lórí. Ọdún méjì ni àdéhùn iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́. Bó bá parí rẹ̀ láìṣàìsàn, láìjẹ́ pé wọ́n dá owó rẹ̀ dúró, 420,000 CFA ni yóò kù fún un. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́rìnlélógún: 17,500 lóṣù. Ìyá tó ń ta gaàrì ní ọjà Pobè lè rí ìyẹn láìfi ilé sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ bàbá ni wọ́n tà láti fi rán an lọ, ilẹ̀ náà kò ní padà wá.

Gbogbo èyí yí padà bí kò bá sí owó alágbàtà. Bẹ́ẹ̀, owó náà kò yẹ kó wà. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí àjọ ILO ṣe ní ọdún 1997, nọ́ńbà 181, tí apá keje rẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn wá iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀, àfi níwọ̀nba ibi tí ìjọba bá dìídì yọ sílẹ̀. Ọ̀gá tó ń wá òṣìṣẹ́ ló yẹ kó sanwó. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ gidi máa ń san owó físà àti ti bàálù fún un, torí àwọn ni wọ́n nílò rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yẹ ká sọ ti ewu pẹ̀lú. Àjọ ILO ka àwọn tó kú nítorí iṣẹ́ ní Qatar ní ọdún 2020: ènìyàn 50, àwọn tó sì fara pa gidigidi lé ní 500. Jíjábọ́ láti òkè wà lára ohun tó pa wọ́n jù, pẹ̀lú ìjàǹbá ọkọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn wa. Ní Qatar, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ níta láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Òfin ibẹ̀ tún sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pamọ́, àti pé owó oṣù gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá. Òfin dára lórí ìwé. Ẹni tó wọ̀lú pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, tí alágbàtà ní wọn yóò yí padà sí físà iṣẹ́ bó bá débẹ̀, kò ní rí òfin náà dì mú, torí lójú ìjọba ibẹ̀, kò sí lórí iṣẹ́ rárá.

Ti Yúróòpù kò ní gbà wá lákòókò. Láti oṣù Keje ọdún 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìlànà físà iṣẹ́ rẹ̀ sókè dé ìpele ẹni tó jáde yunifásítì fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ń ta físà sikáfódì Lọ́ńdọ̀nù fún yín, ẹ sá fún un. Ní Faransé, ọ̀gá ló ń béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, kì í ṣe òṣìṣẹ́, kì í sì í ṣe alágbàtà ní Kùtọnù. Jámánì nìkan ló ní ọ̀nà tó yẹ kí ọ̀dọ́ tó ní sùúrù wò, ìyẹn ti kíkọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ Jámánì dáadáa. Goethe-Institut wà ní Lómé fún ẹni tó bá ṣe tán.

Rọ́ṣíà ńkọ́? Ìlérí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Rọ́ṣíà náà ń lọ káàkiri. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ìjọba Tógò tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí ó hàn pé àwọn ọmọ Tógò kan wà ní ẹ̀wọ̀n ogun ní Ukraine. Àwọn kan nínú wọn, ìwé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n bá ara wọn lójú ogun.

Kí ni ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ lọ lè ṣe? Bí a bá bi wá, a ó ní kí ó kọ́kọ́ wá ìwé nílé. Ìjọba Benin ní ìdánwò CQM fún ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, àti CQP fún ẹni tó ń kọ́ ọ ní ibi iṣẹ́ àti ní ilé ẹ̀kọ́ pọ̀. Kò sọ pé sikáfódì, ṣùgbọ́n màsọ́ọ̀nù tàbí ajórin tó ní i ti ní ìwé ìjọba tí ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè lè kà. Lẹ́yìn náà kí ó wá ibi iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń lo irin, ní Kùtọnù, ní Glo-Djigbé, tàbí ní Èkó pàápàá, kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kó sì gba ìwé tó fi hàn pé òun ṣe é. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ANPE bóyá iṣẹ́ tí wọ́n polówó wà lóòótọ́, láìsanwó.

Bí físà bá jáde ní tòótọ́, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ bóyá òun náà ló wà nínú ìwé àdéhùn, kí iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Bí àdéhùn bá wà ní èdè Lárúbáwá, ẹ gbé e lọ bá àfáà tó gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n máa ń ṣe èyí ní Sakété fún ọ̀rọ̀ ìrìnàjò Mẹ́kà, ó yẹ kí wọ́n lè ṣe é fún ti iṣẹ́ náà. Kí ẹnì kan nílé ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ẹ̀dà físà, ẹ̀dà àdéhùn àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp wọn rẹ́ nítorí ìtìjú. Kó gbé fóònù náà lọ sí komisáríà, tàbí lọ bá CNIN tó ń ṣe ìwádìí àwọn onírú jìbìtì bẹ́ẹ̀, kí ó sì mú ìwé MoMo tó fi sanwó dání.